Ọdẹ́níyì àti Ọ̀kẹ́ Kan Ó Dín Mẹ́ta

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tí ẹ fẹ́ gbọ́, mo kí yín. Mo kí àgbà tí ó fẹ̀yìn ti ògiri, mo kí ọ̀dọ́ tí ó káwọ́ gbera, mo kí ìyá tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀ tí etí tirẹ̀ kò sùn. Ẹ gbé iṣẹ́ ọwọ́ yín kalẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́ kí a fi èkejì tú u dànù. Ẹ ó gbọ́ nípa igbó tí ń dáhùn ohun tí ènìyàn kò sọ; ẹ ó gbọ́ nípa ìlú tí wọn kì í jẹ́ kí ohun kan dá wà; ẹ ó sì gbọ́ nípa iye kan, iye kan ṣoṣo péré, tí ó gbó ju àwọn baba ńlá wa lọ, tí àwọn alágbára ti fi ọ̀bẹ pín tì, tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti fi ọgbọ́n pín tì. Ṣùgbọ́n kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún yín pé ìtàn ìtìjú ni. Akọni inú rẹ̀ kò pa erin, kò bá ẹkùn wọ̀jà, kò fi idà gba ìlú. Ojú ni ó tì í, ojú tì í títí ó fi di ènìyàn.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Òkè-Ẹ̀gàn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọdẹ́níyì. Ọdẹ ni, ọmọ ọdẹ ni. Ó gùn bí ọ̀pẹ, ó fẹ̀ láyà bí ilẹ̀kùn ààfin. Ṣùgbọ́n ìbọn kọ́ ni ó sọ ọ́ di olókìkí, ojú rẹ̀ ni. Bí àwọn ọdẹ bá ti igbó àjọdẹ dé, tí wọ́n kun ẹran tí wọ́n sì to ègé rẹ̀ sórí ewé, Ọdẹ́níyì ni wọn máa ń pè láti pín in. Yóò wo òkìtì ẹran lẹ́ẹ̀kan, yóò wo àwọn ọdẹ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò láàrin ẹran àti ewé bí ẹyẹ ẹ̀gà láàrin ìtẹ́. Nígbà tí yóò bá fi na ẹ̀yìn, ìpín gbogbo ọdẹ yóò ti dọ́gba bí eyín omidan, ojú ewé yóò sì mọ́ féfé. Ìdí nìyí tí àwọn oníjàálá fi ń kì í pé, Ọdẹ́níyì, apín-má-ṣẹ́kù, a-fojú-wọn-ẹran-bí-òṣùwọ̀n, ọkùnrin tí ń pín nǹkan tán tí eṣinṣin kò rí ibi bà sí.

Àṣà kan wà ní Òkè-Ẹ̀gàn nígbà náà, tí àwọn baba ńlá fi lélẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ìpín àwọn ọdẹ bá ti dọ́gba, ti àwọn opó ọdẹ ni, ìyẹn àwọn obìnrin tí ọkọ wọn bá ìgbẹ́ lọ tí kò sì bọ̀ mọ́. Ẹran opó ni wọ́n ń pè é, ọba pàápàá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Ọdẹ́níyì ti ń pín ẹran, ẹran opó kò sí mọ́, nítorí kò sí ohun tí ń ṣẹ́kù. Àwọn ọdẹ rò pé ọgbọ́n ni. Àwọn opó rò pé orí àwọn ni kò dára. Ẹ sún mọ́ mi kí n sọ òótọ́ fún yín. Kò sí ọwọ́ kan láyé tí ó lè pín ohun gbogbo kí ó má ṣẹ́kù. Ìyókù ń wà. Inú àpò ọdẹ tí ó gbé kọ́ èjìká òsì ni ó ń bọ́ sí. Ìgbà kìíní tí ó ṣẹlẹ̀, ègé òyà kan ni, ìyìn àwọn ènìyàn pọ̀ létí rẹ̀, ojú sì ń tì í láti wí pé ó ṣẹ́kù. Ìgbà kejì, ó dúró de ègé náà. Ìgbà kẹta, ẹnu àpò ti là sílẹ̀ kí ó tó dé ìdí ẹran. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ti rí, ẹ̀yin ènìyàn mi: bí àlejò ni í ti í wọlé, a fún un ní àpótí jókòó, nígbà tí ó bá pẹ́, òun ni yóò máa bi onílé pé níbo lò ń lọ.

Ọdún kan wá dé tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀. Odò gbẹ, ewúrẹ́ ń jẹ èèpo igi, àgbàdo tí wọ́n so sókè àrò láti fi ṣe irúgbìn sì di lẹ́búlẹ́bú, nítorí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán. Nígbà tí ojú sánmà wá ń fi àmì òjò hàn níkẹyìn, kò sí hóró kan tí ìlú yóò gbìn. Ọlọ́kè, ọba Òkè-Ẹ̀gàn, pe gbogbo ìlú jọ síwájú ààfin, ó ní, “Ẹ̀yin ará ilé mi, àwọn baba mi sọ fún mi pé lẹ́yìn Igbó Adáhùn, lẹ́yìn Ìlú Adọ́gba, ọba iwin kan wà tí à ń pè ní Aláàká. Ó ní òkìtì àgbàdo kan tí kòkòrò kì í jẹ. Iye hóró rẹ̀ jẹ́ ọ̀kẹ́ kan ó dín mẹ́ta, ìyẹn ẹgbàá mẹ́wàá tí a yọ mẹ́ta nínú rẹ̀. Kì í lé, kì í dín. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lè pín in tí ó tẹ́ Aláàká lọ́rùn ni yóò gbé e lọ sílé. Ọ̀pọ̀ ti lọ, ẹnì kan kò bọ̀.”

Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ Ọdẹ́níyì. Ọba ní, “Ọdẹ́níyì, ìwọ tí ìpín kì í ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ, kí ni o wí?”

Ọdẹ́níyì dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Iye tí ènìyàn bá lè kà, èmi lè pín in.”

Àwọn ènìyàn hó yèè. Ẹnu rẹ̀ ni ó dáhùn, ẹ̀yin ènìyàn mi, nítorí àyà rẹ̀ ti já. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gun igi ìyìn dé òkè kì í rí ibi tí yóò gbà sọ̀ kalẹ̀, àfi kí ó ṣubú.

Ó di ẹrù rẹ̀, iṣu sísun àti ẹran gbígbẹ, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́, ó sì wọ Igbó Adáhùn. Igbó yìí dúdú bí inú ìkòkò aró. Igi rẹ̀ kò ní ẹyẹ, ewé rẹ̀ kò sì ń mì. Nígbà tí ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Ọdẹ́níyì, ó ṣe bí ọdẹ ti í ṣe, ó ki ara rẹ̀ sókè pé, “Èmi Ọdẹ́níyì, apín-má-ṣẹ́kù!” Igi kan ní apá ọ̀tún sì fi ohùn Ọdẹ́níyì gan-an dáhùn pé, “Kí ni ó wà nínú àpò?” Ó dúró ṣanṣan. Ó tún kígbe pé, “Ọmọ akin ni mí, ẹ yà lọ́nà!” Igi apá òsì dáhùn pé, “Ta ni ebi pa ní àná?” Ní ìgbà náà ni ó mọ̀ pé igbó yìí kì í gbọ́ ohun tí ẹnu wí, ohun tí ẹnu pa mọ́ ni ó ń gbọ́. Ó fi ìka di etí rẹ̀ méjèèjì, ó ń sáré, ó ń kọsẹ̀, gbogbo igbó sì ń bi í ní ìbéèrè láti gbòǹgbò dé ṣóńṣó. Nígbà tí ó bọ́ síta, òógùn bò ó bí ẹni tí ó jáde láti inú odò, ó sì wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan gbọ́. Ẹ kíyè sí i: kò wo inú ara rẹ̀, ẹ̀yìn ni ó wò. Ìtìjú tí ń bẹ̀rù ojú ènìyàn nìkan, ìtìjú ọmọdé ni.

Lẹ́yìn igbó ni Ìlú Adọ́gba wà. Ohun gbogbo níbẹ̀ jẹ́ méjì méjì. Ilé jẹ́ ìbejì, igi jẹ́ ìbejì, àwọn ènìyàn ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú méjì nínú orí kan. Ohunkóhun tí kò bá sì ní èkejì, wọn a gbé e sọ sí ẹ̀yìn odi. Àwọn oníbodè méjì dá Ọdẹ́níyì dúró, wọ́n pa ohùn pọ̀, wọ́n ní, “Níbo ni èkejì rẹ wà?” Ó yára purọ́ pé, “Ó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ ń dùn ún.” Wọ́n jẹ́ kí ó kọjá. Ìgbà tí ó jáde ní ẹnubodè kejì, ó bá arúgbó obìnrin kan tí ó jókòó sábẹ́ odi nínú erùpẹ̀. Ìyá náà sọ fún un pé ọjọ́ tí ọkọ òun kú ni wọ́n ti gbé òun jáde, nítorí òun ti di ẹyọ kan. Ó ní, “Ọmọ mi, ǹjẹ́ oúnjẹ kankan ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ?” Iṣu wà nínú ẹrù Ọdẹ́níyì, ẹran wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ́ ahọ́n lára kì í dúró de ìrònú, ó ní, “Kò ṣẹ́kù, ìyá.” Obìnrin náà wo ẹrù náà, ó sì wo ojú rẹ̀. Ó kàn na ọwọ́ sí ọ̀nà ilé Aláàká, ó ní, “Máa lọ dáadáa.” Ìwò tí ó wò ó yìí wúwo fún Ọdẹ́níyì ju èébú lọ, ó sì ń rò ó lọ́nà bí ẹni tí ẹ̀gún há sí lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí ó dé àgbàlá Aláàká, ohun tí ó kọ́kọ́ rí ni àwọn òkìtì ọ̀gán tí ó dúró káàkiri bí ènìyàn, òmíràn ga, òmíràn kúrú, òmíràn gbé ọwọ́ lé orí. Lẹ́yìn wọn ni Aláàká jókòó. Irùngbọ̀n rẹ̀ rí bí irun àgbàdo tí ó gbó, awọ ara rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí òjò tí ń rọ̀ ní ìlú kejì. Àwọn ọmọ rẹ̀ kún àgbàlá bí èèrùn. Láàrin wọn ni òkìtì àgbàdo náà wà, ó pupa, ó ń dán, bí ẹni pé oòrùn ràn sí i.

Ọdẹ́níyì dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́ iṣẹ́ tí ọba rán an. Aláàká ní, “O káàbọ̀. Àwọn ọ̀gán tí o rí wọ̀nyẹn, àwọn tí ó wá ṣáájú rẹ ni. Ọ̀kan la hóró sí wẹ́wẹ́ kí ìpín lè dọ́gba, hóró tí a là kò sì lè hù mọ́. Òmíràn jẹ ohun tí ó ṣẹ́kù, ó ní ebi ń pa òun. Òmíràn bú mi, ó ní iye náà kò pé. Ìwọ pín in bí o ti mọ̀. Bí o bá pín tán, sọ fún mi ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Èyí nìkan ni mo fẹ́ gbọ́.”

Ó pe méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ síwájú. Ọdẹ́níyì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọwọ́ àwọn iwin yá, tirẹ̀ náà yá, òkìtì náà sì ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn gba ẹgbàárùn-ún ó dín méjì. Hóró kan sì dúró nílẹ̀, pupa, ó dá wà. Ọdẹ́níyì na ẹ̀yìn. Kò rò ó, ọwọ́ rẹ̀ ni ó rò ó fún un. Hóró náà ti wà nínú àpò kí ó tó mọ̀. Ó ní, “Ó dọ́gba, Kábíyèsí. Kò ṣẹ́kù.” Àwọn ọmọ dá ìpín wọn padà, òkìtì náà sì tún pé gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, ọ̀kẹ́ kan ó dín mẹ́ta, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò mú nǹkan kúrò níbẹ̀.

Aláàká pe mẹ́ta. Ìpín dọ́gba, hóró méjì ṣẹ́kù. Wọ́n bọ́ sínú àpò. Ó pe márùn-ún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ẹgbàajì ó dín kan, hóró méjì ṣẹ́kù. Wọ́n bọ́ sínú àpò. Ó pe méje, hóró márùn-ún ṣẹ́kù, òógùn sì ti ń ṣàn sí ojú Ọdẹ́níyì, nítorí ó ti ń rí i pé iye yìí kò dà bí ẹran ìgbẹ́ rárá. Ó ti pín iye púpọ̀ rí. Ó mọ èyí tí ń bá ẹni méjì rẹ́ tí ń bá ẹni mẹ́ta jà, ó mọ èyí tí ń gba márùn-ún tí ń kọ méje. Èyí kò bá ẹnikẹ́ni rẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ó ń na ẹ̀yìn, ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ó ń wí pé, “Kò ṣẹ́kù, Kábíyèsí.” Ohùn rẹ̀ ń dín kù bí fìtílà tí epo rẹ̀ ń gbẹ.

Bí ó ti wí ti ẹ̀kẹrin tán ni nǹkan mì nínú àpò rẹ̀. Hóró mẹ́wàá tí ó kó pa mọ́ ti hù. Gbòǹgbò wọn ya ìdí àpò, ó wọ ẹran ara rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bí abẹ́rẹ́. Igi wọn yọ láti ẹnu àpò, ó gun èjìká rẹ̀, ó la ewé, ó tú irun, ó so ọmọ, igi àgbàdo mẹ́wàá lórí ènìyàn kan, ọmọ àgbàdo kọ̀ọ̀kan sì ń sọ̀rọ̀. Èkíní ní, “Ìbídùn ni ó ni mí.” Ìbídùn yìí ni opó Ògúndíran, ọ̀rẹ́ tí Ọdẹ́níyì bá dàgbà, ẹni tí ẹfọ̀n kàn pa. Èkejì ní, “Opó Akéréle ni ó ni mí.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí lọ títí wọ́n fi dárúkọ opó mẹ́wàá tí ó wà ní Òkè-Ẹ̀gàn, ọ̀kan kò sì yẹ̀.

Ọdẹ́níyì dúró dè é kí wọ́n fi òun ṣẹ̀sín. Ìbá sàn fún un bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Aláàká, láti àgbà wọn dé kékeré, yí ojú sẹ́yìn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n sì fi aṣọ bo ojú wọn, bí ọmọ rere ti í ṣe bí ó bá ṣèèṣì rí ìhòòhò àgbà. Wọ́n ń tijú fún un! Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìtìjú pọ̀ ní ẹ̀yà, ṣùgbọ́n èyí ni baba wọn: kí ẹni tí o ṣẹ̀ máa bá ọ ru ìtìjú tí ìwọ gan-an kọ̀ láti rù. Ọdẹ́níyì ṣubú lulẹ̀, ó dojú bo erùpẹ̀. Ó ní, “Ó ṣẹ́kù. Kábíyèsí, ó ṣẹ́kù. Gbogbo ìgbà ni ó ń ṣẹ́kù. Àtilé ni mo ti ń jí i.”

Ìgbà yìí ni Aláàká mí kanlẹ̀. Ó ní, “Dìde jókòó, kí o gbọ́ ohun tí o wá pín. Nígbà láéláé, ọ̀kẹ́ kan gbáko ni òkìtì yìí. Ọ̀kẹ́ jẹ́ iye tí ara rẹ̀ rọ̀. Ẹni méjì pín in, ó tán. Ẹni mẹ́rin pín in, ó tán. Ẹni márùn-ún, ẹni mẹ́jọ, ẹni mẹ́wàá, ogójì ènìyàn, ọgọ́rùn-ún ènìyàn, gbogbo wọn pín in, ó tán. Bí ó bá sì ti tán, wọn a ti ilẹ̀kùn, ẹni tí ó bá wà níta a kú síta. Ìyá mi rí i, ó sunkún, ó bu hóró mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀, ó fọ́n wọn sí etí ọ̀nà fún àwọn ẹyẹ. Láti ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ kan kò pín in tán rí. Mo ti pín in fún ẹni méjì, fún ẹni mẹ́ta, mò ń lọ bẹ́ẹ̀ títí mo fi kọjá ogóje ènìyàn. Ibẹ̀ ni mo dúró, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tí ń gbà ti pọ̀ tó ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà. Bí ó bá lè dọ́gba fún ẹgbẹ́ tí ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn yóò jẹ́ iye kékeré, mo sì ti dán gbogbo iye kékeré wò. Ọ̀nà méjì péré ni ó ń gbà tán. Ọ̀kan ni kí ẹnì kan ṣoṣo kó gbogbo rẹ̀, èyí sì ni ọ̀nà ọ̀kánjúwà. Èkejì ni kí àwọn tí ń gbà pọ̀ tó iye hóró náà gan-an, kí olúkúlùkù gba ẹyọ kan, èyí sì ni ọjọ́ tí gbogbo ayé yóò wọlé tí ẹnì kan kò ní ṣẹ́kù síta. Kí ọjọ́ náà tó dé, ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù, ẹni tí ó ni ìyókù kò sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Ó pé, ó pa ènìyàn. Ó dín mẹ́ta, ó gba ènìyàn là.”

Ọdẹ́níyì kò lè gbé ojú sókè. Ó ní, “Kábíyèsí, ẹ sọ mí di ọ̀gán.”

Aláàká ní, “Ìbá rọrùn fún ọ. Ọ̀gán kì í padà lọ sílé. Ìwọ ni ẹni kìíní tí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún mi. Gbé òkìtì náà lọ. Igi tí ó wà ní èjìká rẹ, kò sí ọ̀bẹ tí ó lè gé e. Àwọn tí ó ni ín ni yóò já a.”

Wọ́n di àgbàdo náà sínú agbọ̀n fún un, wọ́n sì fún un ní ọmọ àgbàdo kan tí wọ́n sun, kí ó jẹ lọ́nà. Ní Ìlú Adọ́gba, àwọn oníbodè tún bi í pé, “Níbo ni èkejì rẹ wà?” Ó ní, “N kò ní èkejì. Irọ́ ni mo pa.” Wọ́n gbé e tòun ti agbọ̀n, wọ́n sì sọ ọ́ padà sí ẹ̀yìn odi. Ẹ̀gbẹ́ arúgbó obìnrin yẹn ni ó balẹ̀ sí. Ọdẹ́níyì fún un ní àgbàdo sísun náà láìjẹ nínú rẹ̀. Ìyá náà gbà á, ó ń jẹ ẹ́, kò dúpẹ́, Ọdẹ́níyì kò sì retí ọpẹ́. Ó gba ẹ̀yìn odi yí ìlú náà ká, ó sì wọ Igbó Adáhùn, níbẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti yẹ̀ díẹ̀. Ó jókòó, ó yọ ọ̀bẹ, ó gé igi àgbàdo èjìká rẹ̀ kan. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn, igi náà sì tún hù kí ẹ̀jẹ̀ tó kan ilẹ̀. Gbogbo igbó dákẹ́. Igi kankan kò bi í ní ohunkóhun, nítorí kò sí ohun tí ó tún pa mọ́. Ó ti ọ̀bẹ bọ àkọ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé.

Ẹ ò rí i báyìí, ohun tí ó le jù ni ó ń dúró dè é ní Òkè-Ẹ̀gàn. Nígbà tí àwọn ará ìlú rí i lókèèrè, tí agbọ̀n àgbàdo wà lórí rẹ̀, tí igi àgbàdo tútù sì bo èjìká rẹ̀ bí agbádá, wọ́n ké, wọ́n jó, wọ́n ní àwọn iwin ti fi ewé ọlá dé e. Àwọn oníjàálá bẹ̀rẹ̀, Ọdẹ́níyì apín-má-ṣẹ́kù! Ọlọ́kè dìde lórí ìtẹ́, ó ní òun yóò fi í jẹ Balógun Ọdẹ. Ìtìjú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ọ̀ṣọ́. Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Irúgbìn ti dé, ìyìn ti pé, ohun tí ó kù kò ju kí ó pa ẹnu mọ́ kí ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Ìbídùn, opó Ògúndíran, jáde láàrin èrò, ó gbẹ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú eruku, ó ní, “Ẹ kú àbọ̀, ọ̀rẹ́ ọkọ mi. Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ẹ ti ṣeun fún wa láti ọjọ́ pípẹ́.”

Ọdẹ́níyì sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ó ní, “Ẹ dákẹ́ ìjálá náà. Ọlọ́kè, ẹ jókòó, ẹ má fi mí jẹ oyè. Ìpín mi máa ń ṣẹ́kù. Ẹran opó ni mo ń kó sínú àpò yìí láti ìgbà tí ẹ ti ń yìn mí. Igi tí ẹ rí lára mi yìí, olè ni ó hù ú.”

Ijó dúró. Ìyàwó rẹ̀, Àjọkẹ́, tí ó ti ń jó bọ̀ níwájú, fi ìborùn bo ojú, ó yí padà, ó sì wọlé. Ọlọ́kè jókòó padà sórí ìtẹ́. Àwọn opó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń já ọmọ àgbàdo wọn, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń fà tu nínú ara Ọdẹ́níyì bí ẹni fa eyín yọ. Kò ké. Ẹnì kankan kò bú u. Wọ́n kàn ń já a, wọ́n ń lọ.

Ó wá ku Ìbídùn. Obìnrin náà ti dìde lórí eékún rẹ̀, ó ń gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Ó ní, “Lẹ́yìn ikú ọkọ mi, ẹ máa ń gbé itan ẹran wá fún mi nígbà ọdún. Ẹ ní ẹ yọ ọ́ nínú tiyín.”

Ọdẹ́níyì ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Nínú tèmi ni.”

“Nínú tirẹ ni.”

“Mo sì kúnlẹ̀ fún yín. Gbogbo ìgbà ni mo kúnlẹ̀. Àbígbẹ̀yìn mi kú ní ọdún tí nǹkan le, mo sì tún kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ bá mi sin ín.” Ohùn rẹ̀ kò ga, kò sunkún. Ó ní, “Ẹran ti lọ, kò ṣeé dá padà. Ọmọ ti lọ. Ìkúnlẹ̀ mi ni kí ẹ dá padà fún mi.”

Ọkùnrin ni Ọdẹ́níyì, ọdẹ ni, dídọ̀bálẹ̀ ni ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dọ̀bálẹ̀. Ó kó eékún méjèèjì jọ, ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo ìlú bí obìnrin ti í kúnlẹ̀ fún olóore, ó sì tẹ orí ba. Ìbídùn wò ó. Kò ní kí ó dìde. Ó yí padà, ó lọ sí ilé rẹ̀. Oòrùn ń rìn, Ọdẹ́níyì sì wà níbẹ̀. Ìjòyè kan ní kí wọ́n fà á dìde, ó ní ó tó, ṣùgbọ́n Ọlọ́kè gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Ẹni tí ó ni ìkúnlẹ̀ kò tíì gbà á tán.”

Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ láti ìlà oòrùn, ìkùukùu dúdú sì bo òkè. Ìbídùn jáde wá, ọkọ́ wà ní èjìká rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó já ọmọ àgbàdo tí ó kẹ́yìn, igi gbogbo sì ṣubú kúrò lára Ọdẹ́níyì. Ó ní, “Dìde. Òjò ti ṣú. Ilẹ̀ kò ní dúró de ìtìjú rẹ.” Ọdẹ́níyì dìde, ó gbé agbọ̀n, ó sì tẹ̀ lé e lọ sí oko.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò ní sọ fún yín pé Ìbídùn dárí jì í, nítorí n kò mọ̀, òun náà kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àgbàdo hù ní ọdún náà, oko àwọn opó ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ gbìn ín. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò fara sin. Má ṣe yọ̀ sí ẹni tí ìpín rẹ̀ ń tán féfé. Béèrè àwọn tí ó wà níta lọ́wọ́ rẹ̀. Má ṣe fi ohun ẹlòmíràn ta á lọ́rẹ kí o sì gba ọpẹ́ rẹ̀, nítorí olè tí ń jí ẹran ń jí ohun tí a lè rí, ṣùgbọ́n olè tí ń jí ọpẹ́ ń jí orí eékún ènìyàn. Bí ojú bá sì tì ọ́, má sá fún un. Jẹ́ kí ó tì ọ́ dáadáa, kí ó tì ọ́ dé ibi tí o ti ṣẹ̀ gan-an, nítorí ìtìjú tí ó dé ilé olóhun ni ìtìjú tí ó níye. Ẹnu mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Kí oúnjẹ má wọ́n nílé yín, kí ẹ sì rántí wo ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn.